Láti Àjò Ìwé Dé Orí Ìgbélùú

Yorùbá ní oríṣiríṣi orúkọ fún ẹni tí kò sí ní ilé bàbá rẹ̀. Àlejò ni ẹni tí ó dé lónìí tí yóò lọ lọ́la. Arìnrìn-àjò ni ẹni tí ó ṣì wà lójú ọ̀nà. Àtìpó ni ẹni tí ó ti tẹ́ ẹní, tí ó ti ń dáná, tí ó tilẹ̀ lè ti bímọ sí ìlú onílùú, ṣùgbọ́n tí gbogbo ayé mọ̀ pé ibòmíràn ni wọ́n ti bí i. Kò sí èyí tí ó jẹ́ èébú nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí. Ní ayé àtijọ́, bí àtìpó bá fẹ́ di ará ìlú, ọ̀nà rẹ̀ kò farasin: yóò wá baálé kan tí yóò gbà á sílé, baálé náà yóò mú un dé ọ̀dọ̀ ọba tàbí ìjòyè àdúgbò, wọn yóò fún un ní ilẹ̀ tí yóò fi dáko, òun náà yóò sì máa san ìṣákọ́lẹ̀. Bí ìwà rẹ̀ bá dára, tí ó ń bá wọn ṣọdún, tí ó ń bá wọn sìnkú, bí kò bá tilẹ̀ ṣe òun fúnra rẹ̀, ọmọ rẹ̀ tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò di ọmọ ìlú. Ẹnikẹ́ni kì í kọ ọjọ́ tí ó wọ̀lú sínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ yìí wá sí mi lọ́kàn nítorí iṣẹ́ kan tí ó ti di ojoojúmọ́ fún èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní yunifásítì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti gboyè tán, ohun tí ó sábà máa ń bá padà wá sí ọ́fíìsì olùkọ́ rẹ̀ ni pé kí a kọ ìwé ìjẹ́rìí fún òun láti fi wá àyè sí yunifásítì ní òkè òkun. Tẹ́lẹ̀, àwa ni a máa ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ lọ kọ́. Nísinsìnyí, àwọn ni wọ́n ń bi wá pé ẹ̀kọ́ wo ni yóò jẹ́ kí àwọn lè dúró síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó gboyè nínú èdè Yorùbá, lọ kọ́ ìmọ̀ nípa ètò ìlera ará ìlú. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ti fi ìka ka ọdún tí yóò lò, iye tí yóò san, àti irú iṣẹ́ tí ìjọba ibẹ̀ ń wá ènìyàn sí. Àwọn àgbà tí mo sọ èyí fún mi orí. Wọ́n ní àwọn ọmọ ìwòyí kò nífẹ̀ẹ́ ilé. Wọ́n ní nígbà tiwọn, ẹni tí ó bá lọ kàwé ní Ìlú Ọba, ìwé nìkan ni ó bá lọ. Bí ó bá sì ti rí i gbà, ọkọ̀ ojú omi ni yóò wọ̀ bọ̀ wá sílé.

Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé. Bí a bá tú ìtàn náà wò, a ó rí i pé nígbà tí ilẹ̀kùn Ìlú Ọba ṣí sílẹ̀ gbayawu, díẹ̀ ni ẹni tí ó fẹ́ dúró síbẹ̀ nínú wa. Ìgbà tí ó wá ń wu ọ̀pọ̀ ènìyàn láti dúró ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn náà díẹ̀díẹ̀. Ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ òde òní ń fi ìka kà yìí, òfin ni ó bí i. Ẹni tí a kò dí lọ́nà kì í jókòó ṣe ètò bí yóò ṣe kọjá.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ lọ kò fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ní ọdún 1826 ni wọ́n mú Àjàyí Crowther lọ sí Islington ní Lọ́ńdọ̀nù fún ìgbà díẹ̀; ó tún padà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn CMS níbẹ̀ kí wọ́n tó fi í jẹ àlùfáà ní 1843. Iṣẹ́ tí ó ń dúró dè é ní Abẹ́òkúta àti ní ẹ̀bá odò Ọya kò jẹ́ kí ìbéèrè pé yóò dúró tàbí kò ní dúró wáyé. Christopher Sapara Williams, tí wọ́n bí ní Freetown, di agbẹjọ́rò ní Inner Temple ní 1879, ó sì wá ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ọbadáyà Johnson kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn títí dé Edinburgh, òun náà sì padà sí Èkó. Ọ̀rọ̀ ti dókítà yìí máa ń mú mi dúró díẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àlùfáà Sámúẹ́lì Johnson, kú ní 1901, tí ìwé ìtàn Yorùbá tí ó ti kọ tán sì sọnù sọ́wọ́ àwọn tí ó fi ránṣẹ́ sí, Ọbadáyà ni ó kó àwọn àkọsílẹ̀ àti ègé ìwé tí ó ṣẹ́kù jọ, tí ó tún gbogbo rẹ̀ tò, kí ó tó jáde ní 1921. Bí ó bá jẹ́ pé dókítà yìí fi Edinburgh ṣe ibùgbé ni, n kò mọ ohun tí àwa olùkọ́ Yorùbá ì bá máa gbé lọ́wọ́ wọ kíláàsì lónìí.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí ó dúró, ìtàn rẹ̀ sì yẹ ní sísọ dáadáa. Ladipọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, ti kàwé ní Fourah Bay ní Sàró kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Kò pẹ́ tí ó débẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àfihàn ńlá kan ní Wembley ní 1924, níbi tí wọ́n ti kó àwọn ènìyàn àti ohun èlò ilẹ̀ tí wọ́n ń jọba lé lórí jọ fún ìran wíwò. Ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù kan kọ ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ nípa àwọn ará wa, ó pè wọ́n ní ajẹ̀nìyàn. Ṣólàńkẹ́ fi ìwé fèsì. Ìbínú yìí ni ó sọ akẹ́kọ̀ọ́ òfin di aṣáájú. Ní ọdún kan náà, òun àti Amy Ashwood Garvey dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún ìlọsíwájú Nàìjíríà. Ó tún sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní èdè Yorùbá, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa kò tíì fojú kan rédíò rí. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 1925, òun àti Dókítà Herbert Bankole-Bright láti Sàró dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí WASU.

Kí ni WASU ń wá? Ohun àkọ́kọ́ tí ó gba gbogbo agbára wọn ni yàrá. Akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú lè ní owó lọ́wọ́, kí yunifásítì sì ti gbà á, síbẹ̀ kí onílé mẹ́wàá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Nítorí náà ni Ṣólàńkẹ́ ṣe wọ ọkọ̀ padà sí Áfíríkà ní 1929, tí ó sì lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta láti ìlú dé ìlú, láti ààfin dé ààfin, tí ó ń tọrọ owó ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa gbé. Ní 1933 wọ́n ṣí ilé náà ní Camden Road. Aya rẹ̀, Ọpẹ́olú, ni ó ń tọ́jú àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba amúnisìn rí i pé ilé náà ti di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sọ̀rọ̀ òmìnira, wọ́n ṣí ilé tiwọn ní 1934, wọ́n pè é ní Aggrey House. Àwọn ọmọ WASU sì kéde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ ibẹ̀.

Ṣólàńkẹ́ kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1958. Ọdún 36 ni ó fi gbé ibi tí ó lọ fún ẹ̀kọ́ ọdún mélòó kan. Kò sí ìwé ìgbélùú kankan tí òfin béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni ó dì í mú, gbèsè náà sì wà ńbẹ̀. Bí mo bá fi òun wé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ìṣòro rẹ̀ àti tiwọn dojú kọ ara wọn: òun ní àṣẹ láti dúró, kò rí ibi tí yóò sùn, àwọn rí ibi tí wọn yóò sùn, wọn kò ní àṣẹ láti dúró.

Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba Lọ́ńdọ̀nù kan náà kọjá, ṣùgbọ́n bí ẹni tí iná ń jó lẹ́sẹ̀. Ẹni ọdún 35 ni nígbà tí ó lọ ní 1944, tí ogun ṣì ń jà. Ó fi aya àti àwọn ọmọ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Láàárín ọdún méjì ó ti kàwé òfin, ó ti kọ ìwé kan nípa òmìnira Nàìjíríà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1947, ó sì ti bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1945, ẹgbẹ́ tí wọ́n wá ṣí ní gbangba ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1948. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1946 ni ó di agbẹjọ́rò, ilé ni ó sì kọrí sí. Irú ìrìn-àjò báyìí ni àwọn àgbà tí ó ń mi orí ní lọ́kàn. Wọ́n gbàgbé pé ohun tí ó ń pe Awólọ́wọ̀ nílé kì í ṣe ìfẹ́ ilé nìkan. Orílẹ̀-èdè kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìjókòó inú rẹ̀ pọ̀, àwọn tí ó lè jókòó síbẹ̀ kò pọ̀.

Ní 1948 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ọmọ-ìlú tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1949. Òfin náà sọ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ará àwọn kọ́lọ́nì rẹ̀ di ọmọ-ìlú kan náà. Níhìn-ín ni ohun kan wà tí àwọn tí ó ń kọ ìtàn wa kì í sábà ṣe àlàyé lé lórí. Èkó ni kọ́lọ́nì; ilẹ̀ Yorùbá tí ó kù wà lábẹ́ ohun tí Òyìnbó pè ní ààbò. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìsàlẹ̀ Èkó jẹ́ ọmọ-ìlú Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ ìbí. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú-Òde jẹ́ ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ń dáàbò bò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ìyá méjì lè wà, kí ọ̀kan jẹ́ ọmọ-ìlú, kí èkejì má jẹ́, nítorí pé ìyá wọn wà ní Èkó nígbà tí ó bí ẹ̀gbọ́n, ó sì ti padà sí Abẹ́òkúta kí ó tó bí àbúrò. Òmìnira 1960 pa ìyàtọ̀ yìí rẹ́: gbogbo wọn di ọmọ Nàìjíríà, gbogbo wọn sì di ará Kọmọnwẹ́ẹ̀tì tí ó ní ẹ̀tọ́ láti wọ Ìlú Ọba láìgba físà.

Àwọn ọdún 1950 àti 1960 ni àkókò akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀. Ọkọ á kọ́kọ́ lọ, aya á tẹ̀ lé e. Ọkọ á máa ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìfìwéránṣẹ́, á máa lọ kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Aya á máa kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí kí ó máa ránṣọ. Ìdánwò tí wọ́n rò pé yóò gba ọdún mẹ́ta á gba mẹ́jọ. Ọ̀rọ̀ yàrá kò tíì tán: Wọlé Ṣóyínká, tí ó dé Leeds ní 1954, kọ ewì kan nípa onílé tí ó ń béèrè lórí fóònù bí dúdú ayálégbé ṣe tó, ewì náà sì ti di ohun tí ọmọ ilé-ìwé girama ń kọ́ sórí. Láàárín ìnira yìí ni wọ́n ń bímọ. Yàrá kan kò gba ọkọ, aya, ìwé àti ọmọ. Láti àárín àwọn ọdún 1950, àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn bíi Nursery World, tí wọ́n ń wá alágbàtọ́ fún ọmọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà, púpọ̀ nínú wọn ọmọ Yorùbá, ni wọ́n fi dàgbà ní ilé Òyìnbó ní Kent, ní Essex, ní Sussex, tí bàbá àti ìyá ń wá wò wọ́n ní òpin ọ̀sẹ̀ bí owó ọkọ̀ bá wà. Àwọn kan rí alágbàtọ́ rere. Àwọn kan rí ìyà tí wọn kò lè sọ. Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí a bí ní 1967, fi ìgbà èwe tirẹ̀ ṣe fíìmù kan ní 2018. Lójú àwọn òbí náà, kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀. Nílé wa, ta ni kò fi ọmọ fún ìbátan tọ́ rí? Ṣùgbọ́n ìbátan á bá ọmọ sọ Yorùbá.

Ọdún 1962 ni wọ́n kọ́kọ́ fa ilẹ̀kùn sé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún náà, ará Kọmọnwẹ́ẹ̀tì tí ó fẹ́ wá ṣiṣẹ́ ní láti gba ìwé ìyọ̀ǹda. Wọ́n yọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ nínú èyí, nítorí pé wọ́n gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò lọ. Láti ìgbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ti di ẹ̀yà méjì lójú òfin, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnì kan náà ni wọ́n ní Camden, ọ̀sán àti òru. Òfin 1971, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1973, tún ilẹ̀kùn náà tì sí i: ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀ wá sinmi lórí ibi tí wọ́n bí ènìyàn tàbí òbí rẹ̀ sí.

Síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀ wálé, àwọn tí òfin kò tilẹ̀ lè lé mọ́ pàápàá. Ilé dùn nígbà náà. Yunifásítì Ifẹ̀ àti ti Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, wọ́n ń wá olùkọ́. Ìjọba ń fún òṣìṣẹ́ àgbà ní ilé àti owó tí yóò fi ra ọkọ̀. Epo rọ̀bì dé, nígbà tí ó sì fi di ìparí àwọn ọdún 1970, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Wọ́n kó ẹrù sínú àpótí, wọ́n kó ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá, wọ́n sì kó ìwé ẹ̀rí ìbí àwọn ọmọ náà sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Ìwé yẹn ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Lábẹ́ òfin tí ó wà nígbà náà, ọmọ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọmọ-ìlú ibẹ̀, ohun yòówù kí òbí rẹ̀ jẹ́. Òfin 1981 ni ó fòpin sí èyí láti ọjọ́ kìíní ọdún 1983; láti ìgbà náà, ó kéré tán, òbí kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ-ìlú tàbí kí ó ní àṣẹ ìgbélùú tí kò ní gbèdéke. Nígbà tí nǹkan bàjẹ́ nílé, tí ìjọba ológun Babangida gbé ètò SAP dé ní 1986, tí dọ́là kan di nǹkan bíi náírà mẹ́rin kí 1987 tó parí, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ti ń di ọ̀dọ́. Ní 1986 kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ọmọ Nàìjíríà yóò máa gba físà. Bí ìyá ṣe tú àpótí nìyẹn, tí ó yọ ìwé jáde. Àwọn òbí tí wọn kò fẹ́ dúró ti la ọ̀nà ìgbélùú fún ọmọ láìmọ̀, àwọn tí ó ń fẹ́ dúró ní àkókò yìí kò sì rí irú rẹ̀ ṣe fún ọmọ tiwọn. Nínú ilé kan náà, ẹ̀gbọ́n tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1974 á wọ bàálù lọ, àbúrò tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní 1979 á tò sórí ìlà níwájú ilé iṣẹ́ aṣojú Gẹ̀ẹ́sì. Kemi Badenoch, tí àwọn òbí Yorùbá bí ní Wimbledon ní oṣù kìíní ọdún 1980, dàgbà sí Èkó, ó sì padà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹni ọdún 16. Ní 2024 ó di olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Konsafétífù. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ẹgbẹ́ rẹ̀ dá a lábàá pé kí ọdún tí àlejò yóò lò kí ó tó gba àṣẹ ìgbélùú kúrò ní márùn-ún, kí ó di mẹ́wàá. Ó kàn wá sí mi lọ́kàn ni. N kò ní kí ẹnikẹ́ni bá mi rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọdún SAP ni mo wà ní yunifásítì gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà mo mọ bí yàrá olùkọ́ ṣe ń ṣófo. Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ wọn lọ: Rowland Abiodun lọ sí Amherst, Toyin Falola dé Texas ní 1991. Olùkọ́ tí ó ti gbajúmọ̀ ni wọ́n, iṣẹ́ wọn ni ó pè wọ́n. Ọ̀nà akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà ṣòroó rìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ní àgàbàgebè nínú. Ẹni tí ó bá fẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ ní láti mú un dá aṣojú ìjọba lójú pé òun yóò padà sílé, bẹ́ẹ̀ òfin kan náà fi àyè sílẹ̀ pé bí ó bá kàwé tán kí ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ sì bá a wá ìwé iṣẹ́, títí tí yóò fi kan ìwé ìgbélùú. Ẹni tí ó sọ òtítọ́ ọkàn rẹ̀ lójú fèrèsé kò ní wọlé. Tẹ́tẹ́ físà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1995 gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là kúrò nínú èyí, ṣùgbọ́n láti ti ọdún 2015 ni wọ́n ti yọ Nàìjíríà kúrò nínú rẹ̀, nítorí pé a ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Ìlú Ọba, kí á wo ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ mi ń fi ìka kà. Ní 2008 wọ́n fún àwọn tí ó bá gboyè níbẹ̀ ní ọdún méjì láti wá iṣẹ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012 wọ́n fagi lé e. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2021 wọ́n dá a padà: ọdún méjì, mẹ́ta fún ẹni tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni àwa olùkọ́ yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ nílé, n kò sì lè ka iye àwọn tí wọn kò dúró de ìparí rẹ̀. Wọ́n mú aya, wọ́n mú ọkọ, wọ́n mú ọmọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2024 òfin dé pé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ mú ẹbí dání mọ́, àfi ẹni tí ó bá lọ ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, owó oṣù tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san lọ́dún kí wọ́n tó lè fi gba físà òṣìṣẹ́ fò láti 26,200 pọ́n-ùn sí 38,700. Ní 2025 wọ́n kéde pé ọdún méjì náà yóò di oṣù 18, àti pé ọdún márùn-ún tí òṣìṣẹ́ ń lò kí ó tó béèrè àṣẹ ìgbélùú tí kò ní gbèdéke yóò di mẹ́wàá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ẹni tí ó bá ṣírò rẹ̀ lórí òfin 2021 yóò rí i báyìí: ọdún kan fún ẹ̀kọ́, méjì fún wíwá iṣẹ́, márùn-ún lórí físà òṣìṣẹ́. Ọdún tí ó fi kàwé àti èyí tí ó fi wá iṣẹ́ kò sí nínú márùn-ún náà. Òfo ni, àfi bí ó bá fẹ́ gba ọ̀nà kejì, níbi tí ọdún mẹ́wàá gbáko tí ènìyàn fi gbé ìlú lọ́nà òfin, ti ẹ̀kọ́ àti ti iṣẹ́, ti máa ń pé. Láàárín èyí, yóò máa san owó físà, yóò máa san owó ìlera, yóò ṣe ìdánwò nípa ìgbésí ayé Òyìnbó, nígbà tí ó bá sì dé òpin, owó àṣẹ ìgbélùú nìkan ti lé ní 3,000 pọ́n-ùn ní 2025. Láti 2008, agbanisíṣẹ́ tí yóò gbà á gbọ́dọ̀ ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Agbanisíṣẹ́ yìí ni baálé òde òní, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí baálé tiwa: bí wọ́n bá gba àṣẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wó, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún àlejò rẹ̀ láti wá baálé mìíràn tàbí kí ó di ẹrù rẹ̀.

Náírà náà kò jókòó síbì kan. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà; ní 2024 ó ti ju 1,500 lọ nígbà mìíràn. Ẹni tí ó ti san ìdajì owó ilé-ẹ̀kọ́ rí i pé ìdajì tí ó kù ti di ìlọ́po. Ní 2024, yunifásítì kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kúrò, ìjọba sì ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Àwọn ọ̀dọ́ pe gbogbo èyí ní jápa. Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè, ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tí ó já, ó já lójijì ni, bí okùn, bí ẹran tí ó já lórí ìso. Ẹni tí ó ń ka oṣù 96 lórí ìwé, tí ó ń tọ́jú rìsíìtì, tí ó ń kọ ọjọ́ tí ó jáde àti ọjọ́ tí ó wọlé sílẹ̀ kí ó má baà ju ọjọ́ 180 lọ, kò já sí ibi kankan. Ó so mọ́lẹ̀ ju èmi tí mo wà nílé lọ. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù tiwa ní ọ̀rọ̀ tí ó dára ju èyí lọ. Páálí ni wọ́n ń pè é. Ṣé ó ti ní páálí? Páálí rẹ̀ kò tíì jáde. Bí ìwé ẹnì kan bá wà níwájú ìjọba tí wọn kò tíì dáhùn, tí ó sì jáde kúrò ní ìlú, wọ́n á gbà pé ó ti fà á sẹ́yìn. Nítorí náà ni a ṣe ń rí ìsìnkú lónìí tí àkọ́bí ọkùnrin wà lórí fóònù, tí ẹnì kan gbé fóònù náà dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì, kí ó lè rí bí wọ́n ṣe ń da yẹ̀pẹ̀ sí bàbá rẹ̀. Bí mo ṣe sọ ní ìbẹ̀rẹ̀, bíbá ìlú sìnkú wà nínú ohun tí ń sọ àtìpó di ará ìlú lọ́dọ̀ wa. Níbẹ̀, àìsin òkú tirẹ̀ wà nínú ohun tí ń sọ ọ́ di ará ìlú.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ó lọ kọ́ ètò ìlera lọ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Ó ríṣẹ́ ní 2024, lẹ́yìn tí ó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó fún bí ọdún méjì. Ó kọ̀wé sí mi ní ìparí 2025. Ó ní bí wọ́n bá fi òfin àtijọ́ ka ọjọ́ òun, ó ku ọdún mẹ́rin. Bí wọ́n bá fi tuntun kà á, ó lè ku mẹ́sàn-án, agbẹjọ́rò tí òun bi sì ní kí òun ṣì máa wòye. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè bóyá ẹ̀dà Aláwíyé ti Ọdúnjọ ṣì wà lórí àtẹ ní Ìbàdàn, nítorí pé ọmọ òun ti pé ọdún mẹ́ta, ilé ìtọ́jú ọmọ ni ó ń wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sì tíì sọ gbólóhùn Yorùbá kan tí ó pé. Mo rí ìwé kìíní àti ìkejì rà, mo fi wọ́n rán ẹni tí ó ń lọ.